Bọ́gà tí Kò Ní Búrẹ́dì

Títí di òní, òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ni òórùn bàbá mi. Ilé búrẹ́dì kan ní Okokomáíkò ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí irun orí wọn fi funfun. Tí wọ́n bá ń wọlé bọ̀ láàárọ̀ nínú Ẹ́sítéètì Ìbà tí à ń gbé, a ti máa ń gbọ́ òórùn wọn ká tó gbóhùn wọn. Owó búrẹ́dì yẹn ló rán wa níléèwé.

Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe wọ́n, tó ní kí wọ́n fi búrẹ́dì sílẹ̀, kí wọ́n sì dín ẹ̀bà àti ìrẹsì kù gan-an, ó dà bí ìgbà tí wọ́n lé èèyàn kúrò nílé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Bàámi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n á tọ́ oúnjẹ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti abọ́ sẹ́yìn. Oògùn tó yẹ kí wọ́n lò lẹ́yìn oúnjẹ wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ṣòkòtò wọn sì ń bọ́ nídìí wọn.

Màámi á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Kí ni kí n jẹ? Koríko?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé àìsàn ń pa èèyàn, mi ò mọ̀ pé ìbànújẹ́ lè ṣáájú rẹ̀ pa á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kúrò nílé ọkọ mi ní Ọ̀jọ́, mo ra ẹran lílọ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo ti rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń yan bọ́gà, tí wọ́n á fi ewé kábéèjì wé e dípò búrẹ́dì. Màámi dáná èédú sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé wáyà tí wọ́n fi ń yan ẹja lé e. Mo gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, mo fi ata gbígbẹ, iyọ̀ àti ẹyin sí ẹran náà, mo ro ó pọ̀ ṣá, mo mọ ọ́n rìbìtì, mo tò ó sórí iná. Ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí èédú, ó ń dún ṣàà, òórùn aládùn gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ bí mo ṣe ní kí n yí i padà báyìí, ó tú ká, ìdajì já sínú eérú. Ìkejì náà tú. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Bàámi gbọ́ wa láti ojú fèrèsé. "Ta ló ń fi ẹran ṣòfò báyẹn?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wo inú abọ́, wọ́n fọwọ́, wọ́n ká apá ẹ̀wù sókè.

"O ò po ó. O kàn kó wọn jọ ni."

Wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹran tó ṣẹ́kù, wọ́n ń po ó, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ká a, wọ́n ń gbá a mọ́ ìdí abọ́, títí ó fi lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Orin ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ń jáde lẹ́nu wọn jẹ́jẹ́. Èmi àti Màámi ò mira, ká má baà lé orin náà lọ.

Èyí tí wọ́n mọ kò tú. Mo fi kábéèjì wé e, pẹ̀lú tòmátì àti kùkúḿbà, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn. Wọ́n gé e jẹ, wọ́n rọra rún un lẹ́nu pẹ́.

"Kì í ṣe búrẹ́dì o," ni wọ́n wí. Wọ́n sì mú òmíràn. Màámi yára wọlé lọ gbé oògùn, etí ìró ni wọ́n fi ń nu ojú.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìtọ̀ ṣúgà náà ṣì wà lára wọn, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n ṣì ń ti abọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sìn mí dé géètì ẹ́sítéètì. Bí mo ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n ní, "Sátidé tó ń bọ̀, tètè dé. Mo fẹ́ kí ẹran yẹn sinmi díẹ̀ kó tó débi iná."

Ẹ̀rín ni mo rín délé. Mo ti rò pé oúnjẹ ni mò ń wá fún bàbá mi. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, wọn ò dárúkọ ọjọ́ tí kò tíì dé rí, àfi lọ́jọ́ yẹn.