Ẹ Ti Sanra o

Ọ̀rọ̀ tó ń já mi láyà jù ní Mushin yìí kì í ṣe èpè. Ìkíni ni. "Màmá, ẹ ti sanra o!" Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i, ọmọ ọmọ mi.

Àbúrò mi tó ń ránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń dán. Àwọn oníbàárà á ní, "Àǹtí, ẹ mà ń jayé o!" Òun náà á ní, "Owó aṣọ yín ni mò ń jẹ!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé omi ló wú u lójú, kì í ṣe ọ̀rá? Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹ̀, kì í lo oògùn ẹ̀ déédéé, torí kò dùn ún níbì kan. Ẹ̀yìn tó ń ro ó nídìí maṣíìnì ló ń torí ẹ̀ gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́, á tún fi àgbo lé e. Ìgbà tá a fi máa gbé e dé ọsibítù ní Ìdí-Àràbà, kíndìnrín ẹ̀ méjèèjì ti kú. Kò pẹ́ tá a fi sin ín.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ìyàwó ilé kejì kí mi: "Ìyá, ẹ ti sanra o!" Mo wọlé, mo fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ibẹ̀ jìn, kò tètè padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn sì wà lára èmi náà.

Ìyá rẹ tí mo bí ní ká lọ ṣàyẹ̀wò. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan.

"Màmi, Àǹtí ò gbọ́ títí, ṣé wọn ò kú?"

Mo bá a lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, nọ́ọ̀sì ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀ mi, mo tẹjú mọ́ ojú ẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, dókítà ní, "Màmá, kíndìnrín yín ti ń jò, èròjà ara yín ń bá ìtọ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Ẹ má fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Ẹ fi àgbo àti oògùn ara ríro sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wá ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kò tíì kú?"

"Kò tíì kú, Mà. Kì í pariwo kó tó bàjẹ́. Ó sì máa ń wà nínú ẹbí, ẹ ní káwọn ọmọ yín náà wá."

"Tíì" yẹn ni mo gbé wálé. Òun ni mò ń gbé sùn.

Lánàá, ẹnìkan kí ìyá rẹ lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyàwó, o ti sanra o!" Ó rẹ́rìn-ín bíi ti àbúrò mi gẹ́lẹ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, kò jìn. Ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kò dìgbà tó bá jìn ká tó lọ ṣàyẹ̀wò. Gbé bírò yẹn sílẹ̀, lọ pè é wá. Kó wọ bàtà, a ń lọ Ìdí-Àràbà.