Bọ́tìnnì Tó Ṣá

Tí mo bá rí bọ́tìnnì tó ṣá lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní èbúté, ní Wharf Road, ni mo ń rántí. Bó bá ti àpótí kan pa lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo bọ́tìnnì inú rẹ̀, tá a fi ń tú kọntéínà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á ṣá, wọn ò ní ṣeé tẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣí i padà, á mí kanlẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣílẹ̀kùn ilé ò gbọdọ̀ ṣí yàrá tó ti wà ní títì.”

Ó ti rẹ gbogbo wa lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní, “Ṣí gbogbo ẹ̀ jàre, àwọn awakọ̀ ń bú wa.”

“Kọntéínà kan wà níbẹ̀ tí àwọn aṣọ́bodè ò tíì yẹ̀ wò, sà. Tí mo bá ṣí bọ́tìnnì ẹ̀, á jáde.”

“Tó ò bá ṣí i, ìwọ lo máa jáde.”

Ó ṣí ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn ló jókòó sí àga rẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn ṣì ṣá.