Ọjọ́ Tí Mo Jowú Àbúrò Mi Dé Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà

Ọjọ́ tí búréèkì ọkọ̀ wa já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà ni n kò lè gbàgbé láyé mi.

Bọ́sẹ̀ àbúrò mi, tó fẹ́ ará Jàpáánù tó sì ń gbé lọ́hùn-ún, wá kí wa. A wọ ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, à ń lọ sọ́dọ̀ ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jowú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń fi àwòrán oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ sílé ìwé ránṣẹ́, ìrẹsì tí wọ́n mọ bí ehoro. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti máa ń wò ó, inú a sì máa bí mi.

Bí ọkọ̀ ti ń lọ, mo ní, "Ìyàwó ará Jàpáánù, ìwọ lò ń jayé."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, aago márùn-ún ni mo ń jí ṣe é. Bí kò bá dáa, àwọn ìyá yòókù á ní mi ò tọ́jú ọmọ. Mo fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ nígbà tí mo bímọ, torí ìyá ni wọ́n retí pé kó jókòó ti ọmọ. Ẹ̀yin ṣáà ní ṣọ́ọ̀bù tiyín."

N kò gbà á gbọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé kí nǹkan kan dójú tì í.

Kò pẹ́ tí búréèkì fi já. Ọkọ̀ ń já lọ sísàlẹ̀, gbogbo wa ń ké. Bọ́sẹ̀ dì mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀!" Awakọ̀ darí ọkọ̀ sínú òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó dúró. Kò sẹ́ni tó kú.

N kò tíì jẹ́wọ́ ohun tí mo wí nínú ọkàn mi fún un. Bí àwòrán ìrẹsì bá dé lónìí, mo ṣì ń jowú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù a bà mí, mà á sì yára gbàdúrà fún un.