Ọpọlọ Tuntun Tí Ọkọ Mi Rà fún Ọkọ̀ Wa

Ọkọ mi gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ń bú u. Nígbà tí ìjọba ológun dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó wá jẹ́ pé owó oṣù tèmi nìkan ni gbogbo ilé ń jẹ, ó ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe: ó sọ ara rẹ̀ di ẹnjiníà.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa ló dáwọ́ lé. Atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun ti jẹ ọpọlọ ọkọ̀ náà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì bí yóò ṣe máa mu epo. Dípò kó wá irú rẹ̀, olówó orí mi kọjá sí Kútọnu, ó ra òmíràn tí wọn kò ṣe fún ọkọ̀ wa rárá, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ Faransé láti òkè délẹ̀. Ó ní èyí á jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò. Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fò?

Ríwáyà kan ní Gbájì, ọmọ Ègùn tó gbọ́ Faransé, ló bá a so ó. Ó tú wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀ bí ìfun ẹran, ó ń so wọ́n mọ́ àpótí tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Bọ́tìnnì kan tún wà níbẹ̀: yí i sọ́tùn-ún, epo á pọ̀, yí i sósì, epo á dín. Ṣùgbọ́n epo ò sí ní ilé epo kankan nígbà náà. Inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń rà á lẹ́bàá títì, kálukú àwọn tó ń tà á ló sì mọ bó ṣe ń fi kẹrosíìnì lú tiẹ̀. Bí a bá yí bọ́tìnnì bá epo òní mu, ti ọ̀la á kọ̀ ọ́.

“Kí Madáàmù jókòó tì í, kí wọ́n máa yí i,” ni ríwáyà wí. “Dúsìmáà, dúsìmáà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣáà máa fetí sí ẹ́ńjìnnì.”

Bí mo ṣe di ara ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ọkọ mi á máa wà á, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi á wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń wúkọ́, mo yí i. Bó bá ń ké, mo dá a padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, mo ti mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń fẹ́ ju bí mo ṣe mọ ti ẹni tó rà á. Kò gbà bẹ́ẹ̀ ṣá. Ó ní ẹsẹ̀ tí òun fi ń tẹná ló ń tún un ṣe.

Àfi bí ìwé ṣe dé ọ́fíìsì wa ní Ìjanikin pé wọ́n fẹ́ ka òṣìṣẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, òṣìṣẹ́ èké ni, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Mọ́tò ò sí lójú títì nítorí epo. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, ṣebí òun wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Kété tí a jáde ní Àgbádárìgì ni sójà dá wa dúró. Bí ọkọ̀ ṣe ń rọlẹ̀ ni mo ń yí bọ́tìnnì, kó má baà kú. Sójà yọjú wọlé: ó rí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí wáyà, ó rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú. Lásìkò yẹn, bọ́ǹbù ń bú gbàmù káàkiri Èkó.

“Bọ́ǹbù!” ló ké. Gbogbo wọn fà sẹ́yìn, wọ́n kọjú ìbọn sí wa.

Ọkọ mi bá bọ́ sílẹ̀, ó ń fi gírámà ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún wọn. Ó tún na ìwé Faransé sí wọn. Háà! Wọ́n ní kó jókòó sórí ilẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ ní tèmi. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mẹ́jọ ni wọ́n máa pe orúkọ mi n'Ìjanikin. Iṣẹ́ yìí nìkan làwọn ọmọ mi ń jẹ.” Ẹkún ni mo fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ọ̀gá wọn wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ìjanikin kẹ̀? Èmi náà ń lọ síbẹ̀, mi ò rí mọ́tò láti ìdájí.”

Ẹ wo làákàyè ìjọba: ó ní kí wọ́n di ọkọ mi mú títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá bọ́ǹbù ni nǹkan náà, òun fúnra rẹ̀ wá wọnú bọ́ǹbù, ó ń wà á lọ. Mò ń yí bọ́tìnnì, ìbọn rẹ̀ wà láàárín wa, gbogbo ara mi ń gbọ̀n. A kọjá Morógbó bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó já mi sẹ́nu géètì, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní, “Bọ́ǹbù yín dáa o.” Ẹni tó ṣáájú mi lórí ìwé ni wọ́n ń pè lọ́wọ́. Mo sáré wọlé, mo figbe ta: “Mo wà níbí o!”

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó fi ọkọ mi sílẹ̀. Típà yanrìn kan ló gbé e dé ẹnu géètì ọ́fíìsì wa, níbi tí mo ti ń dúró ti ọkọ̀, yanrìn kún irun rẹ̀. Kí n má purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Nígbà tí ẹ sáré,” ó bi mí, “ṣé ó gbọ̀n?”

“Kò gbọ̀n.”

Inú rẹ̀ dùn dé eyín. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó rántí béèrè bóyá iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.