Òfin Tó Dé Ìdí Àmù Yèyé

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, nítòsí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí orí àpáta ńlá ìlú wa ni ilé wa wà. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá gun àpáta náà. Kò sí èyí tí Yèyé, ìyá ọkọ mi, kì í pè. Á bu omi tútù fún un nínú àmù, á fún un ní iṣu sísun, kò sì ní bi í pé níbo ló ti wá títí yóò fi mu omi náà tán. Èèwọ̀ ni lójú tirẹ̀ láti máa da ìbéèrè bo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Èmi ni mo ń pọn omi yẹn láti odò, mo sì máa ń kùn. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ mi.

"Àkọ́bí mi wà ní Kùmásí," ó ní. "A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Omi tí mo bá fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹnì kan á fún tèmi lọ́hùn-ún."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ọkọ mi, àbúrò ẹni tó lọ sí Kùmásí, wà nínú ìgbìmọ̀ kánsù. Ó fẹ́ràn ìpàdé ju iyán lọ. Ó dé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rín: wọ́n fẹ́ ṣòfin tí yóò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn tó ń wá wo àpáta. Ọ́fíìsì kánsù ni àlejò yóò kọ́kọ́ lọ, ọ̀nà tuntun lẹ́yìn àpáta ni yóò gbà gùn ún, ẹnikẹ́ni mìíràn kò sì gbọdọ̀ gbà á lálejò.

Yèyé fi ọmọrí dé àmù. "Ó dáa. Uṣẹ́ ìjọba ni."

Kò jẹun dáadáa mọ́. Inú bí mi débi pé mo gbé iyán kalẹ̀ fún ọkọ mi láìsí omi.

"Omi dà?"

"Òfin ò tíì fọwọ́ sí i."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ jà, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ Kùmásí fún un. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun lọ, kò mọ ohun tí omi náà wà fún. Ó ti iyán sẹ́yìn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì lọ bu èyí tó béèrè wá.

Nípàdé, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ọ̀nà àtijọ́ ni kí wọ́n máa gbà, àti pé àlejò kankan kò gbọdọ̀ gun àpáta láìkọ́kọ́ mu omi nílé tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Àgbà kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè, ó ní sàárà ni omi. Àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ mi ka òfin náà fún Yèyé lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé wọ́n ní irú òfin yìí ní Kùmásí?"

Ọkọ mi wojú mi. "Wọ́n ní in, Yèyé."

Ó ṣí àmù, ó yọjú wò ó. "Ìyàwó, omi ti lọ sílẹ̀."

Mo gbé ìkòkò, mo gba ọ̀nà odò lọ.