Ọ̀tá Tó Wọ Oko Ẹ̀fọ́ Àǹtí Mi

Itọ́ ìgbín kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Mo rántí ìgbà ìrúwé kan ní ìlú Laurel, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé láti wá kàwé, tí mo ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí, síbẹ̀ tó ń fà láàárín ìka mi bí ilá àná. Èmi tí mo ti fi Amẹ́ríkà yangàn fún gbogbo àdúgbò, inú oko ni mo bá ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, òórùn ìgbẹ́ adìyẹ gba imú mi kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń kó mi nírìíra.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ni oko náà. Ó gba ilẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó òyìnbó kan ládùúgbò wa, ó gbin létúùsì, kábéèjì àti tẹ̀tẹ̀ sí i, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn ìdílé kan ní ìlú Riverdale Park àti Cheverly pé òun á máa gbé ẹ̀fọ́ tútù wá fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbígbé wọn sókè sọ̀ kalẹ̀ sì ti ń ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ó ti pinnu pé bí ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ bá tẹ́ àwọn oníbàárà náà lọ́rùn, òun á fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹlẹ̀ tútù, bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà, ni àwọn ìgbín kan tí kò ní ìkarahun bá ya bo oko. Wọ́n sanra, wọ́n dúdú, wọn kò sì mọ̀ ju kí wọ́n máa jẹ ewé. Ọwọ́ la fi ń ṣà wọ́n láàárọ̀ sínú garawa omi ọṣẹ. Èmi ọ̀mọ̀wé, mi ò lè mú ọ̀kan ṣoṣo láìdijú. Ṣùgbọ́n ọkọ àǹtí mi kì í tilẹ̀ ṣà á rárá. Akáńtáǹtì ni, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì máa ń wàásù pé èèwọ̀ ìdílé kò ní agbára kankan lórí ọmọ Ọlọ́run. Ìgbín sì ni èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀: wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Bó bá ti dé etí oko báyìí, ọwọ́ á wọ àpò ṣòkòtò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tó kù díẹ̀ ká kórè, àárẹ̀ mú àǹtí mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣà wọ́n lónìí. Back mi ò lè bend."

"Lọ sùn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "I will handle it."

Nígbà tí mo ti ilé ìkàwé dé, mo bá a ní gáráàjì, ó ń ká àpò òfìfo. Àpò iyọ̀ tí a máa ń dà sẹ́nu ọ̀nà láti fi yọ́ yìnyín ni. Ó ti da gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀fọ́.

"Ìgbín wo ló máa rí iyọ̀ tí ò ní kú?" ló bi mí.

Lóòótọ́, wọ́n kú. Òjò wá rọ̀, iyọ̀ yọ́ wọ gbòǹgbò, kò sì pẹ́ tí ẹ̀fọ́ fi rọ lulẹ̀. Òkú ìgbín àti létúùsì jọ rà pọ̀, wọ́n ń rùn débi pé mo bì. Àǹtí mi lóṣòó, ó ṣa hóró iyọ̀ kan tí òjò kò tíì yọ́ nílẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́. Ó wọlé, ó ń pe àwọn oníbàárà, ó ń bẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ Sunday ọ̀sẹ̀ kejì, díákónì wa gba máìkì. "Ẹ bá wa gbàdúrà. Ọ̀tá ti fọwọ́ kan oko ìyàwó mi. Ẹ̀fọ́ tó tutù yọ̀yọ̀, it just dried up." Ni ìjọ bá figbe ta, wọ́n ń lé ọ̀tá. Mo wo ojú rẹ̀, kò tilẹ̀ yí padà. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ń retí kí àǹtí mi sọ̀rọ̀, àfi bó ṣe dijú, tí àmín tirẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń múra iṣẹ́, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe àmín.

"Ṣé kí n dìde láàárín church, kí n ní ọkọ mi ni?" Ó na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Èmi ni mo bá a wọ̀ ọ́.

Ọdún púpọ̀ ló tún fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ náà. Wọ́n ti kọ́lé sórí oko yẹn, ọkọ rẹ̀ sì ti di alàgbà. Mo ti dàgbà tó kí n gbàgbé, ṣùgbọ́n ìríra yẹn kò kúrò. Bí wọ́n bá pè é síwájú ìjọ kó wá jẹ́rìí, mo máa ń jáde lọ dúró nídìí mọ́tò mi. Lẹ́ẹ̀kan, àǹtí mi fẹ́ tẹ̀ lé mi. Kó tó na ẹ̀yìn dìde lórí àga, ọkọ rẹ̀ ti jẹ́rìí tán.