Bí Màmá Àgbà Ṣe Kọ́ Ṣíṣubú

Màmá àgbà ṣubú lójú gbogbo wa, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni. Wọ́n dúró lórí yìnyín, pátákó síkì gígùn méjì tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, wọ́n sì ju ara wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dún gbì. Mọ́mì pe orúkọ Jésù. Dádì, tí ọwọ́ òsì wọn wà nínú báńdéèjì, ti fo ọgbà kékeré tó wà níbẹ̀ kọjá, wọ́n ń sáré bọ̀, yìnyín ń gbé bàtà wọn mì.

"Kí ẹnikẹ́ni má gbé mi o," ni Màmá àgbà wí látilẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ohùn wọn ò gbọ̀n rárá. "Ẹ dúró síbi tí ẹ wà."

A dúró. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, mi ò sì tíì rí ohun tó rú mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, tí àgbàlagbà bá fẹsẹ̀ kọ lásán, gbogbo ilé á ti dìde, ẹnì kan á di apá wọn mú, àwọn tó kù á máa kí wọn pẹ̀lẹ́. Pé kí ìyá bàbá mi wà nílẹ̀ gbalaja, kí n wá dúró máa wò wọ́n, mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dẹ́rù bà wá, ẹ ní láti mọ bí Màmá àgbà ṣe ń rìn nínú ilé wa ní Missouri City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ní Texas. Ògiri ni wọ́n ń dì mú rìn. Tí wọ́n bá jáde ní yàrá wọn láàárọ̀, a máa kọ́kọ́ gbọ́ sílípáàsì wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, lẹ́yìn náà a máa gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ń wọ́ lára ògiri. Òrí tí wọ́n fi ń para ti fa ìlà dúdú kan sára ọ̀dà funfun náà, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn títí dé kíṣìnnì. Mọ́mì máa ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ nù ún ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kí Sátidé mìíràn tó dé, ìlà náà á ti padà.

Wọn kì í ṣe ojo tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Abẹ́òkúta, ipò ọ̀gá àgbà ni wọ́n sì wà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi yọ̀ ṣubú ní bàlúwẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Màmá àgbà lọ sí ìpàdé ìjọ. Wọ́n na ọwọ́ síwájú kí wọ́n fi gba ara wọn dúró, ọwọ́ náà kán, egungun ìbàdí náà kán, wọ́n sì wà lórí sìmẹ́ńtì yẹn títí ìpàdé fi parí. Wọn ò rìn mọ́ títí wọ́n fi kú. Dádì lọ sin bàbá wọn, wọ́n sì mú ìyá wọn bọ̀ ní Texas.

Ẹnjiníà ni Dádì. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni kí jàǹbá má ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà wálé. Wọ́n fi dírìlì lu ògiri bàlúwẹ̀, wọ́n de irin ìdìmú mọ́ ọn; wọ́n de òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Màmá àgbà ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn láìsí ẹnì kan lẹ́yìn wọn. Wọn ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ń wẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ padà sílé, ìbéèrè kan náà ni Dádì máa ń bi wọ́n.

"Màámi, tí ẹ bá ṣubú níbẹ̀, ta ló máa gbé yín?"

Màmá àgbà á wo ọwọ́ wọn. Wọ́n á ní kí n bá àwọn bu omi wá. Ilé wọn ni wọ́n ń fẹ́, igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wọn, àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní A-B-D, tí wọ́n ti di ọlọ́mọ báyìí, tí wọ́n ṣì ń dúró lójú títì kí wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí èmi ni wọ́n ń rò ó fún tí wọ́n bá ń di irun mi. Wọ́n á ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kú sínú ilé tí mo ti ń di ògiri mú," wọ́n á sì fa irun náà le sí i.

Ní Houston, òtútù tiwa kì í ju ká wọ súwẹ́tà láàárọ̀, ká bọ́ ọ sọnù lọ́sàn-án. Ọ̀rẹ́ Dádì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún wọn nípa àwọn òkè New Mexico tí yìnyín máa ń bò, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó wa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. A ó di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, a ó bu chin-chin sínú ike, a ó wa ọkọ̀ títí tí ìdí á fi kú. Lọ́dún àkọ́kọ́, a kàn fọwọ́ kan yìnyín, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jù ú lu ara wa, a padà sílé. Lọ́dún kejì, Dádì ní gbogbo wa máa kọ́ síkì. Wọn ò lè fi Màmá àgbà nìkan sílé, nítorí náà wọ́n bá wa lọ. Kí a tó kúrò ní gáréèjì, Mọ́mì gbàdúrà pé ẹsẹ̀ wa ò ní yọ̀, pé a ò ní ṣubú, pé egungun ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní kán. Àmín ti Màmá àgbà ló rinlẹ̀ jù.

Olùkọ́ tí wọ́n fún wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tí òòrùn ti bó imú rẹ̀. Ó tò wá sórí ibi tó tẹ́jú, ó bá wa so pátákó mọ́ bàtà, ohun àkọ́kọ́ tó sì ní ká ṣe ni pé ká ṣubú.

"God forbid," ni Mọ́mì dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ó ní kò sí bí ẹni tó ń kọ́ síkì kò ṣe ní ṣubú, pé kéèyàn kàn rọra jókòó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó kó ọwọ́ mọ́ àyà, kó má na ọwọ́ síwájú láéláé. Ó kọ́kọ́ ju ara rẹ̀ sílẹ̀ ká lè rí i. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe é, ó dùn mọ́ wa. Mọ́mì dúró gbọin, wọ́n ń sọ "I reject it" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú sikáàfù wọn. Dádì ní tiwọn sọ fún olùkọ́ pé àwọn ò wakọ̀ láti Houston wá ṣubú.

"Just teach us the going," ni wọ́n wí. "We will not need the falling."

Dádì lọ lóòótọ́. Wọ́n lọ kọjá olùkọ́, wọ́n lọ kọjá àwọn ọmọ tí kò tó mi, ẹ̀yìn wọn nàró, ojú wọn le koko, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa dúró. Níbi àwọ̀n pupa tí wọ́n ta sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n sì ṣubú lé wọn lórí. Mo gbọ́ "yé" lẹ́nu bàbá mi, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Ọrùn ọwọ́ wọn ti wú kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Màmá àgbà rí gbogbo ẹ̀. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ọgbà, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ró ìró lé e, wọ́n de fìlà òtútù lé gèlè. Mo rò pé ẹkún ni màá bá lójú wọn. Olùkọ́ ni wọ́n ń wò.

"Ọmọ yẹn mọ èèyàn kọ́," ni wọ́n sọ fún mi. "Ṣé o rí i pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣubú?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, inú yàrá tí a wọ̀ sí ń rùn fún Robb àti fún ìbọ̀wọ́ tútù tí a sá síwájú ẹ̀rọ amúlégbóná. A ń jẹ ìrẹsì, Mọ́mì ń fi omi gbígbóná jó ọwọ́ Dádì. Màmá àgbà ń wo ọwọ́ náà.

"Bí bàbá rẹ náà ṣe na ọwọ́ nìyẹn," ni wọ́n sọ fún Dádì lójijì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá àgbà wọ sòkòtò síkì Dádì jáde. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí Màmá àgbà nínú sòkòtò rí, àwọn gan-an ni wọ́n máa ń bi Mọ́mì pé ṣé yẹ̀rì ti tán ní Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ró ìró sórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ sòkòtò méjèèjì yọ nísàlẹ̀.

"Màámi, kí lẹ wọ̀ yẹn?" ni Dádì béèrè.

"Àyè tìẹ ṣófo nínú kíláàsì," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí mi ò jẹ́ kí ẹ gun stairs. Your hip can break. Kò possible."

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Dádì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nígbà tí a dé ibi ẹ̀kọ́, Màmá àgbà fi òyìnbó ọ̀gá ilé-ìwé wọn bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "My son, I am not going anywhere. Only teach me how to fall." Ọmọ náà wo Dádì, ó wo Màmá àgbà, ó wá mú wọn lọ síbi tí yìnyín ti jinlẹ̀ tó sì rọ̀. Ó kọ́ wọn láìsí pátákó lẹ́sẹ̀ ná, láti orí ìjókòó, láti orí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣubú tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kó so pátákó náà mọ́ àwọn. Ìṣubú tó tẹ̀ lé e ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Olùkọ́ tú pátákó kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dídìde náà pẹ́. Wọ́n yí dojú bolẹ̀, yìnyín lẹ̀ mọ́ wọn ní àgbọ̀n. Wọ́n fa orúnkún kan wálé, wọ́n sinmi, èémí wọn ń jáde bí èéfín. Wọ́n fa èkejì. Dádì ń mí ju Màmá àgbà tó wà nílẹ̀ lọ, ọwọ́ wọn tó dá ṣáká ń nà, ó ń padà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi parí ẹ̀. Nígbà tó ṣe, Màmá àgbà tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ itan, wọ́n dìde dúró, wọ́n gbọn ìró wọn.

"Ọkọ mi," ni wọ́n sọ fún Dádì, "ta ló gbé mi?"

Dádì wo olùkọ́, wọ́n wo ọwọ́ wọn tó wà nínú báńdéèjì.

"Mo ń bi ọ́. Ta ló gbé mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màámi."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún ju ara wọn sílẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Missouri City, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ di pápá wọn. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, a máa gbọ́ gbì, Mọ́mì á sì di àyà mú ní kíṣìnnì bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ ohun tó ń dún. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Mọ́mì gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ wá, wọn ò rí nǹkan kan nù lára ògiri. Wọ́n pe Dádì kí wọ́n wá wò ó. Dádì dúró síwájú ògiri funfun yẹn, wọ́n fi ọwọ́ pa á lọ, pa á bọ̀, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ọdún Àjíǹde ò tíì dé tí Màmá àgbà fi wà nílé wọn ní Abẹ́òkúta.

"Mo ṣubú lánàá," ni wọ́n máa ń sọ lórí fóònù, bí ẹni ń ròyìn òjò. "Mo ti dìde." Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú wọn lọ, lórí ibùsùn ara wọn, fèrèsé tó kọjú sí igi ọsàn wà ní ṣíṣí. Mo sunkún, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ibùsùn yẹn.

Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, Dádì nìkan ló kù nínú ilé ní Missouri City. Rosenberg ni mò ń gbé báyìí, mo sì fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kọ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, tí omi dì lójú ọ̀nà jákèjádò Houston, mo pè wọ́n, mo sì gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu èmi fúnra mi: "Dádì, tí ẹ bá ṣubú níbẹ̀, ta ló máa gbé yín?" Mo ra irin ìdìmú àti dírìlì, mo rọra wakọ̀ lọ bá wọn.

Wọ́n rí ọkọ̀ mi, wọ́n jáde wá pàdé mi nínú sílípáàsì. Yìnyín wà lójú ọ̀nà gáréèjì. Mo rí ẹsẹ̀ wọn tó yọ̀, mi ò tíì jáde nínú ọkọ̀ tán. Ọwọ́ wọn ò nà síwájú. Wọ́n kó o mọ́ àyà, wọ́n sì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbì. Bàbá mi, tó ní àwọn ò nílò ìṣubú.

Mo ti fò dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ mi méjèèjì ti nà. Wọ́n gbójú sókè wò mí. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo tì í bọ àpò kóòtù, mo sì dúró. Bí a ṣe ń ṣubú, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ohun tó le jù tí Màmá àgbà kọ́ mi ni kí n dúró bẹ́ẹ̀ ti ẹni tí mo fẹ́ràn láì gbé e, títí dòní ara mi ò tíì gbà á tán. Orúnkún kan, ìsinmi, orúnkún kejì. Dádì dìde, wọ́n gbọn sòkòtò wọn.

"Ta ló gbé mi?" ni wọ́n béèrè.

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ní kí n wọlé wá mu tíì kó tó tutù. Irin ìdìmú náà ṣì wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. Tí mo bá ń yà lórí freeway, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń yí kiri.